Ọdún Tí A Ṣí Òrùlé De Ìjì

Bí ọyẹ́ bá ti ń palẹ̀ mọ́ ní Lálúpọn wa, tí ooru bẹ̀rẹ̀ sí í mú láti àárọ̀ kùtù, ara mi kì í balẹ̀ mọ́. Àwọn ẹlòmíì ń retí òjò àkọ́rọ̀ kí wọ́n lè gbin àgbàdo. Èmi ń retí ìjì tó máa ń ṣáájú rẹ̀. Ẹni tó bá gbé apá ọ̀dọ̀ wa rí mọ̀ ọ́n. Ojú ọ̀run á dúdú lọ́sàn-án gangan, ewé á dákẹ́ lórí igi, adìẹ á máa wọlé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni lé wọn, afẹ́fẹ́ á wá já lu ilẹ̀ bí ẹni tó ti ń bínú bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Kí òjò tó kán, páànù ti ń fò.

Aránṣọ ni mí. Iwájú ilé wa ni mo ti ń ránṣọ, nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí a fi búlọ́ọ̀kù kọ́ mọ́ ògiri. Ọkọ mi ń wa bọ́ọ̀sì láti Lálúpọn lọ sí Ìbàdàn; ó ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, ìrọ̀lẹ́ ló ń wọlé. Àwọn ọmọ wa ti lọ sílé ìwé ní ìlú mìíràn, àwa mẹ́ta la sì kù nínú ilé: èmi, ọkọ mi, àti ìyá tó bí i lọ́mọ. Ìyá ti dàgbà. Ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn kò gbé wọn dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n ohùn wọn kò dín kù rárá. Àgbà ni wọ́n nínú ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà tí a ń lọ, bí wọ́n bá sì dá orin nínú yàrá wọn, ará ọ̀nà á bá wọn gbè é.

Àlàájà tó ń yan gàrí ń gbé òdìkejì ọ̀nà, ilé rẹ̀ àti ilé wa kọjú síra wọn. Ọ̀rẹ́ ni òun àti Ìyá látọjọ́ pípẹ́. Bí gàrí bá ti inú agbada jáde, Àlàájà á bù ú ránṣẹ́ sí Ìyá pẹ̀lú ooru lára rẹ̀; bí ewúro ẹ̀yìnkùlé wa bá yọ ọ̀mùnú, Ìyá á já a ránṣẹ́ sí Àlàájà. Ìjì kan ló ba ọ̀rẹ́ náà jẹ́. Ìjì náà ṣí òrùlé Àlàájà tigitigi, ó gbé e sọdá ọ̀nà, páànù kan sì balẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé wa, ó pa ewúrẹ́ Ìyá tó lóyún. Lọ́jọ́ kejì, Àlàájà wá kó páànù rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti pọ́n, kò tíì sùn.

Ìyá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n wò ó títí. Wọ́n ní, "Ẹ ò béèrè ewúrẹ́ mi. Páànù yín lẹ wá béèrè."

Àlàájà ní, "Ìyá Aládùúrà, èmi kọ́ ni mo rán afẹ́fẹ́ níṣẹ́."

"Ẹni tó kan òrùlé ẹ̀ bí ẹni fi ewé bo ẹ̀kọ, òun ló rán an níṣẹ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Àlàájà wọra. Ó kó páànù rẹ̀ lọ, kò sì tún kí wa mọ́, bẹ́ẹ̀ ni Ìyá náà kò kí i. Àwọn ọmọ Àlàájà wálé lẹ́yìn náà, wọ́n tún ilé rẹ̀ kọ́, wọ́n sì da kọnkéré lé orí yàrá ńlá iwájú, tó fi jẹ́ pé afẹ́fẹ́ kankan kò lè ṣí i mọ́. Gàrí kò wá mọ́. Ewúro wa gbó sórí igi.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti rí òrùlé tó ń fò bí ẹyẹ, mi ò gbọ́ ìró afẹ́fẹ́ kí n má dìde. Bí ọyẹ́ ṣe ń lọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í múra. Mo gbá ewé kúrò nínú gọ́tà. Mo ní kí wọ́n bá mi gé ẹ̀ka máńgòrò tó na ọwọ́ sórí ilé. Mo kó igi ìdáná wọlé, mo wá ìdérí tó wúwo fún kànga, mo ra tọ́ọ̀ṣì, mo sì ra ọ̀rá ńláńlá tí mo ń di aṣọ àwọn oníbàárà sí. Síbẹ̀, bí mo bá jókòó ti maṣíìnì, ọkàn mi kì í sí nídìí abẹ́rẹ́. Mo máa ń dìde ṣáá, mo máa ń jáde sí àgbàlá, màá fọwọ́ ṣíji bojú, màá máa wo òkè.

Ọkọ mi bá mi níbẹ̀ lọ́jọ́ ìsinmi kan. "Kí lo ń wò lókè?"

"Òrùlé."

"Ó ṣe kí ni?"

"Mi ò tíì mọ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. "Fọkàn balẹ̀, jàre. Afẹ́fẹ́ kì í fẹ́ kó gbé ọlọ."

"Àwa kì í ṣe ọlọ, bàbá wọn. Abẹ́ páànù là ń gbé."

Ó kọjá lọ fọ bọ́ọ̀sì rẹ̀. Kì í ṣe pé kò bìkítà o. Ẹni tó ń wakọ̀ lójoojúmọ́ ti fi ẹ̀rù fún Ọlọ́run, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò ní í lè jáde nílé. Èmi tí mo jókòó sójú kan ni ẹ̀rù ń rí ibi dúró sí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tó ti jáde, mo yá àkàbà, mo gbé e ti ògiri nínú yàrá Ìyá, mo sì ti páálí àjà kan sẹ́gbẹ̀ẹ́. Òkùnkùn ni òkè àjà, ooru ibẹ̀ sì ń rùn bí eruku àtijọ́. Mo na ọwọ́ kan igi tó gbé páànù dúró. Ó dà bí igi gidi lójú. Mo wá fi ẹnu sísọ́ọ̀sì mi gún un, sísọ́ọ̀sì náà sì wọlé bí ẹni gún búrẹ́dì.

Ìyá ń wò mí láti orí bẹ́ẹ̀dì. "Kí lo rí?"

"Ikán ni, Ìyá. Ikán ti jẹ ẹ́ tán."

"Ó ti wà níbẹ̀ kí o tó wọ ilé yìí. Ilé ò sì wó."

Mo gbọn ìyẹ̀fun igi náà sínú abọ́ kan. Nígbà tí ọkọ mi dé nírọ̀lẹ́, mo gbé oúnjẹ rẹ̀ kalẹ̀, mo sì gbé abọ́ ikán náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó wo àkọ́kọ́, ó wo èkejì. Ó ti ọwọ́ bọ abọ́ ikán náà, ó fi ìka méjì ra á.

"Níbo lèyí ti wá?"

"Lókè orí ìyá yín."

Kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa lọ́jọ́ kejì tó fi pe káfíńtà.

Káfíńtà náà jẹ́ ọ̀dọ́ ọkùnrin kan tí ara rẹ̀ yá, ó sì fẹ́ràn àpárá. Ó gun òkè, ó káàkiri, ó sọ̀kalẹ̀. Ó ní iwájú ilé ṣì lè fara dà á díẹ̀ ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ti lọ, níbi tí yàrá Ìyá àti ilé ìdáná wà. Òun á ṣí ẹ̀yìn ná, òun á pààrọ̀ igi, òun á bò ó padà, kí òun tó bọ́ sí iwájú. Òjò ò tíì sún mọ́, ó ní, ọ̀sẹ̀ yìí ò ní í parí kí òun tó bò ó. Ọkàn mi fò díẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ "ṣí", ṣùgbọ́n èmi fúnra mi ni mo ti ń pariwo òrùlé látọjọ́ yìí. Kí ni mo fẹ́ sọ?

Ó ṣí i. Oòrùn dà sínú yàrá Ìyá, ó tan ìmọ́lẹ̀ sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, sí àwọn igun tí kò rí oòrùn láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́lé. Ó kan àwọn igi tuntun kan, àwọn igi náà funfun, wọ́n ń rùn dáadáa. Nígbà tó yá, igi kò tó. Ó ní òun á lọ sí ilé pákó ní Ìbàdàn, òun á padà dé lọ́jọ́ kejì.

Lọ́jọ́ kejì, fóònù rẹ̀ ló dé. Ariwo pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. "Ẹ dákun, mà, ẹ má bínú. Ìyàwó mi ti ń rọbí. A wà ní ọsibítù."

Kí lèèyàn lè sọ sí ìyẹn? Mo ní, "Ọlọ́run á sọ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀." Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo sì wo òkè. Ojú ọ̀run ń wò mí láti inú ilé mi.

A yá tapólì ńlá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọkọ mi sì fi okùn dè é mọ́ àwọn igi tuntun náà. Mo bẹ Ìyá pé kí wọ́n bọ́ sí pálọ̀. Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní kí a ṣí etí tapólì náà díẹ̀ fún àwọn lọ́sàn-án.

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe, Ìyá?"

"Mo ń rí ojú ọ̀run. Látọjọ́ tí mo ti ń gbàdúrà nínú yàrá yìí, àjà kan wà láàárín èmi àti Ọlọ́run. Ẹ jẹ́ kí n gbádùn díẹ̀ kí káfíńtà tó dé."

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mi ò lè jẹun. Mo ń ti inú ṣọ́ọ̀bù lọ sí yàrá, mo ń ti yàrá bọ̀ sí ṣọ́ọ̀bù. Aṣọ kan tó yẹ kí n rán tán láàárọ̀, mo ti tú u, mo tún un rán, mo tún un tú.

Ọ̀sán ọjọ́ tó tẹ̀ lé e ni ìjì náà dé. Mo ń ki okùn bọ abẹ́rẹ́ nígbà tí mo ṣàkíyèsí pé mi ò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́. Mo gbójú sókè. Ìmọ́lẹ̀ ìta ti pọ́n bí ọbẹ̀ ẹ̀gúsí. Adìẹ kan wọ inú ṣọ́ọ̀bù, ó bá abẹ́ maṣíìnì lọ. Ewé máńgòrò kò mì.

Mo pe ọkọ mi. "Níbo lẹ wà?"

"Mo ń kó èrò ní Ìwó Road. Kí ló dé?"

"Ó ti ń bọ̀. Ẹ dúró síbi tẹ́ ẹ wà, ẹ má wulẹ̀ bọ́ sọ́nà."

"Ìyá ńkọ́?"

Kí n tó dáhùn, fóònù já. Mo fi ọ̀rá bo maṣíìnì, mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo sì sáré wọlé. Ìró rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gbọ́, bí ọkọ̀ àgbégilódò tó ń bọ̀ láti ojú ọ̀nà oko. Ìgbà tí mo fi dé yàrá Ìyá, tapólì ti ń wú sókè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó tún ń wú, bí ikùn ẹni tó ń mí gúlegúle. Ìyá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì nínú aṣọ funfun wọn, wọ́n di Bíbélì mọ́ àyà. Okùn kan já, ó lu ògiri bí pàṣán. Èkejì já. Tapólì náà gbéra, ó lọ, a ò sì mọ ibi tó gbà.

Ìgbà yẹn ni afẹ́fẹ́ wọnú ilé. Mo gbọ́ ọ tó ń gba abẹ́ òrùlé lọ sí iwájú, páànù pálọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í lù gbàgà-gbàgà láti ìsàlẹ̀. Ó yé mi lójú ẹsẹ̀. Ibi tí a ṣí ni ìjì gbà wọlé, ohun tó kù ló fẹ́ gbé lọ.

"Ìyá, ẹ dìde. Ó yá."

"Ibo là ń lọ?"

"Ilé Àlàájà."

Wọ́n gbé ojú kúrò lára mi. "Jẹ́ kí n wà níbí. Ibi tí Ọlọ́run bá bá mi ni."

"Kí ni màá sọ fún ọmọ yín? Ẹ wí kí n gbọ́. Kí ni màá sọ fún un?" Mi ò gbé ohùn sókè sí wọn báyìí rí. Mo kúnlẹ̀, mo kọ ẹ̀yìn sí wọn. "Ẹ gun ẹ̀yìn mi."

"Ìyàwó kì í pọn ìyá ọkọ."

"Lónìí, ó ń pọ̀n ọ́n."

Nǹkan kan já wálẹ̀ nílé ìdáná, ó fọ́ yángá. Ọwọ́ wọn wá yí mi lọ́rùn. Mo dìde. Mo ti múra sílẹ̀ de ìwúwo wọn, mo ti fi eyín pa eyín, ṣùgbọ́n wọn kò wúwo. Ìyá tó jẹ́ pé ohùn wọn máa ń kún gbogbo ilé, wọn kò wúwo ju ìdì aṣọ lọ. Ìyẹn dẹ́rù bà mí ju ìjì lọ.

Ìta ti di eruku pupa. Òjò bẹ̀rẹ̀, ẹ̀kán rẹ̀ tóbi, ó ń dunni bí òkò wẹ́wẹ́. Mi ò rí iwájú, mo kàn ń fi ẹsẹ̀ wá ojú ọ̀nà. Ìyá ń gbàdúrà sí mi létí. Láàárín àdúrà wọ́n á dúró, wọ́n á ní, "Má sáré, wàá ṣubú," wọ́n á tún máa bá àdúrà lọ. Nígbà tí mo dé agbedeméjì ọ̀nà, mo rí ẹnì kan tó ń bọ̀ wá pàdé wa, ìborùn rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ bí àsíá. Àlàájà ni. Ó ti rí tapólì tó fò. Ó di Ìyá mú lẹ́yìn, a jọ sáré wọlé, ó sì fi gbogbo ara ti ilẹ̀kùn.

Inú yàrá ńlá náà dákẹ́ lọ́nà tó yani lẹ́nu. Kọnkéré wà lókè, ariwo wà níta. Mo gbé Ìyá sórí àga. Àlàájà mú ìró gbígbẹ wá, ó fi wé wọn lẹ́sẹ̀, ó fi òmíràn wé wọn léjìká. Ìyá ń wo ilẹ̀. Àlàájà jókòó sórí ẹní rẹ̀, ó ń wo ògiri. Èmi dúró láàárín wọn, omi ń ro lára mi, mi ò mọ ẹni tí mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀.

Àrá kan sán. Ìyá gbójú sókè, wọ́n wo àjà náà fún ìgbà díẹ̀.

"Àlàájà. Ṣé eléyìí ò ní í fò lónìí?"

Àlàájà kò yíjú padà. "Bó bá fò, ọkàn yín ẹ balẹ̀. Kò ní í bá ewúrẹ́ kankan nílé yín. Gbogbo wa la wà lábẹ́ ẹ̀."

Ejìká Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í mì lábẹ́ ìró náà. Mo rò pé òtútù ni, mo sún mọ́ wọn, mo sì rí i pé ẹ̀rín ni. Àlàájà wo ẹ̀yìn, ó rí wọn, òun náà bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ń fọwọ́ nu ojú.

Ìyá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ ọjọ́ yẹn..."

"Ẹ fi í sílẹ̀," Àlàájà ní. "Ó ti pẹ́ tí mo ti fi mu omi. Ewúrẹ́ yẹn náà dùn mí. Bí mo ṣe máa la ẹnu sọ ọ́ ni mi ò mọ̀."

Níta, ohun kan ya gbàràgàdà. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni sọ fún mi ohun tó jẹ́. Mo lọ sí ojú fèrèsé, mo fi àtẹ́lẹwọ́ nu ìkùukùu ara dígí. Páànù iwájú ilé wa ń ṣí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan á gbé orí sókè, á dúró bí ẹni ń ronú, á wá lọ. Ẹ̀yìn ilé, níbi tí káfíńtà ti kan igi tuntun sí, dúró níhòòhò, ohunkóhun kò ṣe é. Mo dúró síbẹ̀ títí páànù fi ku díẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu pé ẹkún kò gbọ̀n mí. Ohun tí mo ti ń gbọ́ nínú orí mi látọjọ́ pípẹ́ ló ń ṣẹlẹ̀ níta, orí mi sì dákẹ́.

Nígbà tí afẹ́fẹ́ fi rọlẹ̀, tí ó ku òjò nìkan, mo rí ọkùnrin kan tó ń sáré bọ̀ lójú ọ̀nà. Ọkọ mi ni. Kò gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Ó ti wakọ̀ bọ̀ títí igi tó wó fi dí ọ̀nà mọ́ ọn, ó fi bọ́ọ̀sì sílẹ̀ níbẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ sáré ìyókù. Ó rí ilé tí kò lórùlé. Mo gbọ́ tó ń pe ìyá rẹ̀, ó ń pè mí. Mo ṣílẹ̀kùn, mo ké sí i, òjò kò jẹ́ kó gbọ́. Ó wọnú ilé wa.

Ìgbà tí mo fi bá a, ó wà ní yàrá Ìyá nínú omi, ó ń gbé fóòmù sókè, ó ń ti pákó sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì wá nǹkan lábẹ́ páálí àjà tó wó. Mo dì í mú léjìká. Ó yíjú padà, kò sì dà bí ẹni tó mọ̀ mí.

"Ìyá ńkọ́?"

"Wọ́n wà lọ́dọ̀ Àlàájà. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín."

"Wọ́n ń kí ni?"

"Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, bàbá wọn."

Ó jókòó sínú omi yẹn pẹ̀lú ṣòkòtò tó fi wakọ̀, ó gbé orí lé eékún. Mo jókòó tì í. Òjò ń rọ̀ sí wa lórí nínú yàrá.

Ọ̀dọ̀ Àlàájà la gbé títí wọ́n fi tún ilé ṣe. Káfíńtà padà wá. Ọmọbìnrin ni ìyàwó rẹ̀ bí, ó sì ń fi àwòrán ọmọ náà hàn wá lórí fóònù kó tó gun òkè. Ó pààrọ̀ gbogbo igi, iwájú àti ẹ̀yìn, ó sì fi irin dè wọ́n mọ́ ògiri. Nílé Àlàájà, Ìyá ń ráhùn pé Àlàájà ń tètè jí kírun jù, Àlàájà ń ráhùn pé Ìyá ń gbàdúrà bí ẹni pé adití ni Ọlọ́run. Nígbà tí ilé parí, Ìyá kò tètè fẹ́ padà. Wọ́n ní ọ̀dà ń rùn. Ìgbà tí a bi wọ́n pé ọ̀dà wo, wọ́n yí ọ̀rọ̀ padà.

Ìjì mìíràn jà kí àgbàdo tó yọ ọmọ. Òrùlé náà dúró. Ìyá sùn lábẹ́ rẹ̀ lọ́sàn-án, wọ́n ń hanrun. Èmi dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ara ògiri, mo sì ń gbọ́ bí ó ṣe ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀ títí gbogbo rẹ̀ fi kọjá. Mo ti rò pé bí òrùlé bá ti le, ara mi á balẹ̀. Kò balẹ̀.

Ọkọ mi kì í pòwe ọlọ mọ́. Ní gbogbo àsìkò yìí, bí ìkùukùu bá ti ṣú lọ́nà Ìbàdàn, á pè mí láti orí ìjókòó bọ́ọ̀sì rẹ̀, èrò á máa pariwo lẹ́yìn rẹ̀.

"Báwo ni ojú ọ̀run lọ́hùn-ún?"

Màá fi aṣọ sílẹ̀ lórí maṣíìnì, màá jáde lọ wò ó, màá sì sọ fún un.